Henry Maudslay, Alágbẹ̀dẹ Woolwich

Ìlú tí wọ́n bí i sí

Henry Maudslay ni ẹni tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Alágbẹ̀dẹ ni. Kò lọ sí yunifásítì. Síbẹ̀, bí a bá ra bóòtù ní ṣọ́ọ̀bù kan lónìí, tí a ra nọ́ọ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, tí méjèèjì sì bá ara wọn mu, ọwọ́ Maudslay wà lára ohun tó jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bí i ní Woolwich ní ọjọ́ 22, oṣù Ògọ́sì, ọdún 1771. Lónìí, Woolwich jẹ́ apá kan London, àwọn Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ń ra iṣu tàbí ẹ̀lùbọ́ ní Woolwich tàbí ní Thamesmead tó wà nítòsí rẹ̀ kò ní pẹ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà ayé Maudslay, ìlú ọ̀tọ̀ ni Woolwich, ó wà létí odò Thames, iṣẹ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ ará ìlú náà sì ń ṣe. Láti ọdún 1512, nígbà Ọba Henry Kẹjọ, ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ti ìjọba níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe àgbá, ẹ̀tù àti ọta. Warren ni wọ́n ń pe ibẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1805 ni Ọba George Kẹta fún un ní orúkọ tuntun, Royal Arsenal. Ilẹ̀ àbàtà tó wà lápá ìlà-oòrùn rẹ̀ di ti Arsenal bí iṣẹ́ náà ti ń gbòòrò. Orí púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ Thamesmead sí láti àárín ọdún 1960 sí 1970.

Ọmọdé tó ń di ẹ̀tù

Sójà ni bàbá Henry tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kíkan kẹ̀kẹ́ ẹrù ni ó ń ṣe fún àwọn ọmọ ogun. Nígbà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú ilé ìkẹ́rù ní Warren. Ibẹ̀ ni ó ti fẹ́ opó kan tó ń jẹ́ Margaret Laundy. Ọmọ méje ni wọ́n bí, Henry sì ni ìkarùn-ún. Bàbá náà kú ní ọdún 1780, nígbà tí Henry ṣì kéré.

Nígbà tí Henry pé ọmọ ọdún 12, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Warren. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa di ẹ̀tù sínú àpò kéékèèké tí wọ́n ń kì bọ ìbọn. Iṣẹ́ eléwu ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń fi sí i. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn káfíńtà. Igi kò wù ú tó irin. Nígbàkúùgbà tó bá ráyè, yóò yọ́ lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ láti lọ wo iṣẹ́. Nígbà tó di ọmọ ọdún 15, wọ́n gbé e lọ sí ibi tí ọkàn rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn nípa Ògún mọ bí alágbẹ̀dẹ ti ṣe pàtàkì tó nílẹ̀ Yorùbá. Alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ ọkọ́ fún àgbẹ̀, òun ni ó ń rọ ọfà fún ọdẹ. Ẹwìrì, òòlù, owú àti ẹmú ni ohun èlò rẹ̀. Ohun èlò kan náà ni Henry bá ní Woolwich. Ohun tó fi yàtọ̀ ni bí ọwọ́ rẹ̀ ti gún régé tó. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri.

Àgádágodo Bramah

Ní àkókò yẹn, ọkùnrin kan wà ní London tó ń jẹ́ Joseph Bramah. Ó ti ronú kan àgádágodo tuntun tí olè kò lè fi wáyà ṣí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò rí oníṣẹ́ ọwọ́ tó lè ṣe ẹ̀yà inú rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Wọ́n bá a dárúkọ alágbẹ̀dẹ kan ní Woolwich. Bramah ránṣẹ́ pè é. Nígbà tí Henry dé, ọ̀gá náà wò ó, ó sì ṣiyèméjì, nítorí ọmọ ọdún 18 péré ni.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà, oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ fún ọdún méje lọ́dọ̀ ọ̀gá kan kí ó tó gba fíríìdọ̀ọ̀mù. Henry kò ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù kankan. Àwọn oníṣẹ́ Bramah kò ní fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Henry rí fáìsì àtijọ́ kan nílẹ̀, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń di nǹkan mú nígbà tí wọ́n bá ń fá a. Ẹnu fáìsì náà ti jẹ. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un ṣe kí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ náà dá òun lẹ́jọ́. Nígbà tí agogo mẹ́fà lù, fáìsì náà ti dà bí tuntun. Àwọn oníṣẹ́ wò ó, wọn kò rí ohun tí wọ́n lè bù kù. Wọ́n gbà á sí àárín wọn.

Henry ni ó ṣe àgádágodo kan tí Bramah gbé sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Piccadilly láti ọdún 1790. Bramah ṣèlérí 200 gínì fún ẹnikẹ́ni tó bá lè ṣí i láìlo kọ́kọ́rọ́. Ó lé ní 60 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ A. C. Hobbs ni ó ṣe é ní ọdún 1851, wákàtí 51 ni ó sì lò, láàárín ọjọ́ 16. Bramah àti Maudslay ti kú nígbà náà.

Henry di fóríman Bramah. Ó fẹ́ Sarah Tindel, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé Bramah. Nígbà tó di ọdún 1797, ọmọ ti ń pọ̀ nílé, ṣílè 30 ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá fi kún un. Bramah kọ̀ jálẹ̀. Henry kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Wells Street, nítòsí Oxford Street, ó sì dá dúró.

Bóòtù àti nọ́ọ̀tì

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ irin ṣe rí nígbà yẹn. Ọwọ́ ni oníṣẹ́ fi ń di ọ̀bẹ ìfárin mú tí irin bá ń yí lórí ẹ̀rọ lathe. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, iṣẹ́ bàjẹ́. Nítorí náà, bóòtù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ọ̀tì tirẹ̀. Bí wọ́n bá tú ẹ̀rọ palẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àmì sí bóòtù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wàhálà dé.

Maudslay gbé ọ̀bẹ náà kúrò lọ́wọ́ ènìyàn, ó dè é mọ́ irin kan tó ń rìn ní títọ́ lórí ẹ̀rọ. Ní nǹkan bí ọdún 1800, ó ṣe ẹ̀rọ lathe tó ń gé ẹsẹ̀ bóòtù ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo. Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ronú sí i, ṣùgbọ́n òun ni ó sọ ọ́ di ohun tí oníṣẹ́ lè fọkàn tán lójoojúmọ́. Ó tún ṣe irinṣẹ́ ìwọ̀n kan tó lè fi ìyàtọ̀ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì hàn. Ó sọ ọ́ ní Lord Chancellor, ìyẹn orúkọ adájọ́ àgbà ilẹ̀ náà, nítorí pé bí àríyànjiyàn bá wà lórí ìwọ̀n, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ ń parí sí.

Ìmọ̀ nìyí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan kò tíì tó láti yí ayé padà. Ó nílò oníbàárà tó lówó, tó sì lè ní sùúrù.

Ará Faransé tó ń fi àwòrán pamọ́

Marc Isambard Brunel sá kúrò ní Faransé nígbà ìjà ìyípadà ìjọba wọn. Ó gbé ní Amẹ́ríkà fún ọdún díẹ̀, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1799. Ó ní èrò kan lọ́kàn. Ọkọ̀ ogun ìgbà náà ń lo ìgbòkun, púlì onígi ni wọ́n sì fi ń fa okùn ìgbòkun. Ọkọ̀ ńlá kan lè lo nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan púlì. Gbogbo ọkọ̀ ogun ìjọba ń fẹ́ nǹkan bí 100,000 lọ́dún, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn. Brunel ti ya àwòrán àwọn ẹ̀rọ tó lè máa ṣe é.

Ó kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìdílé Taylor ní Southampton, àwọn tó ti ń fi púlì ta fún ìjọba tipẹ́. Wọ́n dá a padà. Ọ̀nà tí bàbá wọn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ṣe ti tó wọn.

Brunel wá ń wá oníṣẹ́ tó lè fi irin ṣe àwòrán rẹ̀. Ẹnìkan mú un lọ sọ́dọ̀ Maudslay. Brunel kò fẹ́ kí a jí èrò òun, nítorí náà ó mú apá díẹ̀ nínú àwòrán lọ, kò sì sọ ohun tó wà fún. Ó padà wá pẹ̀lú àwòrán mìíràn. Maudslay wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún un pé ẹ̀rọ púlì ọkọ̀ ojú omi ni èyí. Láti ọjọ́ náà ni Brunel ti fọkàn tán an.

Ìjọba gba ewu

Èrò ti wà, ọwọ́ tí yóò ṣe é ti wà. Ta ni yóò sanwó? Àwọn tó lówó lọ́wọ́ ti kọ̀ ọ́. Ìjọba ni ó kù.

Samuel Bentham ni ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìkọ́lé àti ẹ̀rọ fún Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Ojú Omi. Òun fúnra rẹ̀ ti ń ronú lórí ẹ̀rọ púlì. Nígbà tó rí ti Brunel, ó rí i pé ó dára ju tirẹ̀ lọ. Ó gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti Brunel lẹ́yìn níwájú ìjọba. Ìwà yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba níbi gbogbo, ó sì yẹ kí a rántí rẹ̀. Ní ọdún 1802, ìjọba gbà pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ ní Portsmouth.

Maudslay ni ó gba iṣẹ́ àgbàṣe náà. Ó ti kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó tóbi ní Margaret Street. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà kí iṣẹ́ náà tó parí. Ẹ̀rọ tó lé ní 40 ni ó ṣe, irin ni ó sì fi ṣe wọ́n, nígbà tí ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn ṣì jẹ́ igi. Ọ̀kan ń la igi, ọ̀kan ń lu ihò, òmíràn ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ púlì. Ẹ́ńjìnnì sítíìmù, èyí tí omi tó ń hó ń fún lágbára, ni ó ń yí gbogbo wọn. Ní ọdún 1808, wọ́n ṣe nǹkan bí 130,000 púlì. Ọkùnrin mẹ́wàá tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí 110 oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà lágbára débi pé wọ́n ṣì ń lo díẹ̀ nínú wọn ní ìlàjì kejì nǹkan bí 150 ọdún lẹ́yìn náà. Àwọn kan wà ní Science Museum ní London títí di òní.

Kò yẹ kí a fojú fo iye ènìyàn yẹn. Èrè ìjọba ni ó jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ púlì pàdánù oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ìdílé Taylor náà pàdánù oníbàárà wọn tó tóbi jù. Ẹ̀rọ tuntun kì í wọ ọjà kí ó má ti ẹnìkan sẹ́yìn.

Owó Maudslay àti owó Brunel

Ọ̀nà tí ìjọba gbà sanwó fún àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra, ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ ni ìjọba ń rà lọ́wọ́ Maudslay. Ó ṣe é, wọ́n gbà á, wọ́n sanwó. Owó náà ni ó fi fẹ iṣẹ́ rẹ̀ lójú. Nígbà tí iṣẹ́ Portsmouth parí, gbogbo ìlú ti mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1810, ó kó lọ sí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní Lambeth. Ó mú Joshua Field mọ́ra, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì wọlé, wọ́n ń jẹ́ Maudslay, Sons and Field. Wọ́n ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún àwọn oníṣòwò, wọ́n sì ń ṣe é fún ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì HMS Lightning, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ sítíìmù àkọ́kọ́ tí ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní. Ìjọba ṣì jẹ́ oníbàárà wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan.

Ti Brunel kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá a ṣe àdéhùn pé yóò gba iye owó tí ẹ̀rọ náà bá fi pa mọ́ fún ìjọba láàárín ọdún kan. Ó ti ná owó ara rẹ̀ kí owó tó jáde. Wọ́n jiyàn lórí ìṣirò, wọ́n fi falẹ̀. Níkẹyìn, ó gba nǹkan bí £17,000. Lẹ́yìn náà, ó ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe bàtà fún àwọn sójà, ìjọba sì ń rà á. Ní ọdún 1815, ogun pẹ̀lú Napoleon parí, ìjọba kò sì nílò bàtà mọ́. Bàtà kún ilé, kò rí ẹni rà á. Gbèsè wọ Brunel lọ́rùn. Ní ọdún 1821, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n onígbèsè. Nígbà tí ìròyìn tàn pé ó fẹ́ lọ bá ọba Rọ́ṣíà ṣiṣẹ́, ìjọba san £5,000 láti tú u sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìjọba kan náà ni, ní àkókò kan náà. Ẹni tí ìjọba ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì yára wá oníbàárà mìíràn, ni ó dàgbà. Ẹni tó gbé gbogbo ẹyin rẹ̀ lé ọwọ́ oníbàárà kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé. Síbẹ̀, láìsí Brunel, Maudslay kò bá má rí iṣẹ́ Portsmouth.

Àwọn méjèèjì kò pínyà. Ní ọdún 1825, Brunel bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọ̀nà kan lábẹ́ odò Thames, láti Rotherhithe sí Wapping. Iléeṣẹ́ Maudslay ni ó ṣe irin ńlá tó ń dáàbò bo àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Owó tán, iṣẹ́ dúró fún ọdún mélòó kan, títí ìjọba fi yá ilé-iṣẹ́ náà ní owó tó lé ní £240,000. Ọ̀nà náà ṣí ní ọdún 1843. Ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gba inú rẹ̀ lónìí.

Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọba rí gbà lórí owó rẹ̀, kí a má wo púlì nìkan. Kí a wo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Maudslay. Joseph Whitworth ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1841, òun ni ó dá ìwọ̀n kan sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ bóòtù, kí gbogbo iléeṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè lo ìwọ̀n kan náà. Richard Roberts ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì lọ ṣe ẹ̀rọ fún àwọn aláṣọ ní Manchester.

James Nasmyth wá láti Edinburgh ní ọdún 1829. Maudslay ti pinnu pé òun kò ní gba ọmọṣẹ́ mọ́, nítorí wàhálà wọn. Ṣùgbọ́n Nasmyth mú ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá. Maudslay yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbà á láti máa bá òun ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ gan-an, ní ṣílè 10 lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá rántí ọ̀rọ̀ fáìsì Bramah, ẹ ó mọ ìdí tí àgbà náà kò fi lè lé ọ̀dọ́ náà padà. Nasmyth ni ó wá di ẹni tó ṣe òòlù sítíìmù.

Ìpadàbọ̀ sí Woolwich

Ní oṣù kìíní ọdún 1831, Maudslay lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wò ní Faransé. Òtútù mú un lórí omi nígbà tó ń padà bọ̀. Àìsàn náà kò lọ. Ó kú ní ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 1831, lẹ́ni ọdún 59. Wọ́n gbé e padà sí Woolwich, wọ́n sì sin ín sí ilẹ̀ ìjọ St Mary Magdalene, níbi tí ó ti lè rí odò Thames tí kò bá ti kú. Irin ni ibojì rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bí ìjọba ṣe lè ran olùwádìí lọ́wọ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ di ohun tí a ń tà lọ́jà kò tíì tán. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àjọ Innovate UK fún un. Ní Oṣòdì, ní ìlú Èkó, iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO ti wà láti ọdún 1956, ó sì ti ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe lè fi ẹ̀rọ ṣe gààrí. Níbi méjèèjì, ìbéèrè tó dojú kọ Bentham ni ó ṣì wà nílẹ̀: ta ni yóò jẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí oníṣẹ́ náà lọ́jọ́ tí oníbàárà yẹn bá lọ? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò sì wọ kèǹgbè. Maudslay ní ọwọ́, ìjọba ní pẹpẹ.

Ìbéèrè

1. Iṣẹ́ wo ni Henry kọ́kọ́ ṣe ní Warren? Kí ló dé tí iṣẹ́ náà fi léwu?
2. Báwo ni ó ṣe mú kí àwọn oníṣẹ́ Bramah gbà á láìṣe fíríìdọ̀ọ̀mù?
3. Kí ni Lord Chancellor? Kí ló dé tí Maudslay fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?
4. Ohun rere wo ni Samuel Bentham ṣe?
5. Àwọn wo ni ẹ̀rọ púlì pa lára?
6. Fi owó Maudslay wé owó Brunel. Bí ìwọ bá jẹ́ ìjọba, báwo ni ìwọ ìbá ṣe sanwó fún Brunel? Kọ ìpínrọ̀ méjì.
7. Bá àgbà Yorùbá kan tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Bi í léèrè bí ó ṣe kọ́ṣẹ́ àti bí ó ṣe gba fíríìdọ̀ọ̀mù, kí o sì wá ròyìn rẹ̀ fún kíláàsì.